Wọ́n Ti Sùn

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Àwo mọ́kànlá, kò sí ohun tó hù nínú ìkankan. Mo gbé wọn sójú fèrèsé, mo yí wọn síhìn-ín sọ́hùn-ún. Mọ́ fónífóní. Omi kànga ilé ìgbẹ̀bí ni o — omi tó jẹ́ pé tí ẹ̀kán rẹ̀ kan bá kan àwo láìgba inú ẹ̀rọ kọjá, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, àwo á ti funfun bí ẹni da ìyẹ̀fun sí i.

Ẹ̀gbọ́n mi yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Wọ́n ti sùn?" Mo ní wọ́n ti sùn. Ó fọwọ́ gbá Agbánilétí, ẹ̀rọ wa, lórí jẹ́jẹ́, bí ẹni ń yin ọmọ, ó sì lọ fọ ẹnu.

Mẹ́tírọ́ọ̀nù ilé ìgbẹ̀bí ń bọ̀ ní Ọjọ́rú, èmi ni màá ṣàlàyé. Kí n kọ́kọ́ dá a wò níbí:

Kòkòrò tí ojú ò rí wà nínú omi. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ ló bo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ̀rọ wa, tí ẹ̀gbọ́n mi sọ ní Agbánilétí, ń jẹ́ kí omi gba àlàfo tóóró kan kọjá láàárín pẹlẹbẹ irin méjì. Iná mànàmáná tó lágbára gan-an á lu omi náà, á kúrò, á tún lù ú, á tún kúrò. Kí akàn tó ṣẹ́jú, ó ti lù ú lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí náà omi ò ráyè gbóná. Ìgbájú la ń pè é. Ìgbájú yìí ló ń dá awọ kòkòrò lu, tí ohun inú rẹ̀ á fi máa jò síta. Kò sí oògùn, kò sí òórùn, a ò se omi. Ó parí.

Ibi "ó parí" yẹn ló yẹ kí n ti sọ ọ̀rọ̀ náà gan-an, ṣùgbọ́n a kì í sọ ọ́ nínú yàrá yìí. Bàbá wa ló ni yàrá náà. Rédíò ló ń tún ṣe níbí, lórí àga tí mo jókòó lé yìí náà ló sì ti lọ. Látìgbà yẹn, ẹ̀gbọ́n mi ò fẹ́ gbọ́ "kú" lẹ́nu ẹnikẹ́ni níbí, àfi tó bá jẹ́ "ẹ kú iṣẹ́". Nítorí náà kòkòrò kì í kú lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ń sùn.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Lójú ẹ̀gbọ́n mi, "ẹ" ni mò ń pè é. Òun ló tọ́ mi, ọmọdé ni mí nígbà tí Bàbá lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, "wọ́n" ni. Ṣùgbọ́n nínú ìwé yìí, "ó" ni. Tí mo bá ń kọ "wọ́n" fún òun, tí mo tún ń kọ "wọ́n" fún kòkòrò, n kò ní mọ ẹni tí à ń gbá létí mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Kẹta

Mo fọ àwo. Kò sí nǹkan míì.

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kẹta

Mẹ́tírọ́ọ̀nù dé. Àwọn ló ń darí ilé ìgbẹ̀bí tó wà ní ìpẹ̀kun òpópónà wa. Obìnrin gíga, aago ń bẹ láyà wọn dípò ọrùn ọwọ́. A gbé àga fún wọn, wọn ò jókòó.

Gbogbo ohun tí mo ti dá sọ lórí ìwé pòórá lẹ́nu mi. Mo dé ibi irin méjì, mo dúró síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ mi. Ó mọ̀ ọ́n sọ. Ó tan ẹ̀rọ, ó ń dún tá-tá-tá, ó fi àwo tó funfun hàn wọ́n, ó fi èyí tó mọ́ hàn wọ́n. Ó ní, "Gbogbo wọn ti sùn, mà."

Mẹ́tírọ́ọ̀nù ní, "Tí wọ́n bá sùn, ta ló máa wá jí wọn?" A rẹ́rìn-ín. Àwọn náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ṣàlàyé pé bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé wa nìyẹn. Wọ́n ní ó yé wọn, pé àwọn náà kì í sọ ọ̀rọ̀ yẹn ní ilé ìgbẹ̀bí.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ ohun tó gbé wọn wá. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí láìpé oṣù, tí wọn ò tíì lè fa ọmú, omi ni wọ́n fi ń po wàrà fún wọn. Inú táńkì lomi náà ń wà fún ọjọ́ mẹ́ta kó tó tán. Wọ́n ní, "Ti ọjọ́ kẹta ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò fún mi. Tí wọ́n bá ṣì sùn lọ́jọ́ kẹta, mo ti rí tèmi. Màá sọ fún ọlọ́kọ̀ tó ń gbé omi wá fún wa kó máa lọ."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Kékeré nìyẹn, mà."

A ò tíì yẹ omi ọjọ́ kẹta wò rí. Bí omi bá ṣe ń kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ ló ń bọ́ sórí àwo. Mo ti ní ká fi díẹ̀ sílẹ̀ kí ó pẹ́, lóṣù tó kọjá. Ó ní à ń fi àsìkò ṣòfò, pé èyí tó ti sùn ti sùn. Mi ò rán an létí lónìí. Ó ń kọrin.

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kẹta

Mo bọ ìgò, mo gbọn omi wọn nù, mo rọ omi sí wọn lẹ́nu Agbánilétí, mo dé wọn. Mo tò wọ́n sórí pákó tí Bàbá máa ń to rédíò sí. Mo mú ẹ̀kán díẹ̀ lára omi náà sí àwo tòní, ìyókù di ọ̀túnla. Iṣẹ́ tó kù ni kí n má fọwọ́ kàn wọ́n. Ó ṣòro ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Oṣù Kẹta

Àwo tàná mọ́. Wọ́n ti sùn.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi — Ìyàwó wa — wá gba abẹ́rẹ́ tó gbàgbé sórí tábìlì mi. Aránṣọ ni, ibi gbogbo ló ń gbàgbé abẹ́rẹ́ sí, ọjọ́ kan á gún ẹnì kan. Kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ wa, kò sì fẹ́ mọ̀. Ìyá Oníkòkòrò lorúkọ tó sọ mí. Ó ní orí ń fọ́ ọkọ òun láti àárọ̀, pé kí n dín ariwo ẹ̀rọ yẹn kù. Mo ní ọkọ rẹ̀ ló ń tan ẹ̀rọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kẹta

Orí fífọ́ náà kò lọ. Ẹ̀gbọ́n mi sùn láti àárọ̀ títí ó fi kọjá ọ̀sán. Ìyàwó wa ń bá a dá fóònù lóhùn. Mo da omi ọjọ́ kẹta sórí àwo, mo gbé wọn sínú àpótí tó ń mú wọn móoru. Ó di ọ̀la.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kẹta

Orúkọ ọjọ́ òní ti bá mi sọ gbogbo rẹ̀. Wọn ò kú.

Mo ti kọ ọ́, kò sí ẹni tó gbọ́.

Àwo ọjọ́ kẹta funfun. Kì í ṣe bíi ti omi tí kò gba inú ẹ̀rọ kọjá, ṣùgbọ́n ó funfun: tótòtó, tótòtó, gbogbo àwo pátá. Mo kọ́kọ́ rò pé mo ṣi àwo gbé. Mo wo àmì tí mo fi yíǹkì ṣe sídìí wọn. Mi ò ṣì í gbé.

Mo jókòó, mo rò ó. Ìgbájú tó bá le, ihò tó dá sí awọ kòkòrò kì í dí mọ́. Èyí tí kò bá le tó, ihò á ṣí, á sì tún padà dí, bí ojú egbò ṣe ń san. Kòkòrò náà ti dákú ni. Oúnjẹ tí mo ń tẹ́ sínú àwo sì le, nítorí mo po oògùn mọ́ ọn kí àwọn mìíràn má baà hù síbẹ̀. Aláìsàn ò lè jẹ ẹ́. Tí mo bá dà wọ́n síbẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, wọn ò ní hù, àwa á ní wọ́n ti sùn. Tí mo bá fi wọ́n sílẹ̀ nínú ìgò fún ọjọ́ mẹ́ta, tí ara wọn yá, wọ́n á jẹun.

Gbogbo àwo tó mọ́ tí mo ti ń gbé sójú fèrèsé láti ọdún tó kọjá, kò sí èyí tó fi hàn pé ohunkóhun kú. Pé wọ́n dákú ló fi hàn.

Ẹ̀rù ń bà mí. Kì í ṣe ti kòkòrò. Ti ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó fi iṣẹ́ olóṣù sílẹ̀ nítorí ẹ̀rọ yìí.

Ọjọ́ Ajé, 10 Oṣù Kẹta

Mo sọ fún un. Ó wo àwo náà pẹ́. Ó ní, "Ọwọ́ ẹ ni." Ó ní mo fi ọwọ́ ìdọ̀tí ṣí ìgò. N kò lè ní irọ́ ni. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe. Ẹ rọ tiyín, kí n rọ tèmi." Ó gbà. A rọ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa, ìgò tirẹ̀ lápá ọ̀tún, tèmi lápá òsì. Ó bá mi di ìdérí ìgò kan tó ń yọ̀.

A ò tíì parí tí Mẹ́tírọ́ọ̀nù fi wọlé. Inú wọn dùn. Wọ́n ní gbogbo nǹkan ti tò: Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni kí a wá so ẹ̀rọ mọ́ táńkì. Wọ́n ti sọ fún ọlọ́kọ̀ omi kó má gbé omi wá mọ́. Wọ́n ní, "Láti Àbámẹ́ta tí wọ́n ti sọ fún mi lórí fóònù yín pé wọ́n ti sùn, ni èmi náà ti sùn dáadáa."

Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Òun náà wò mí. Kò sí ẹnì kankan nínú àwa méjèèjì tó bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, àwo ò tíì jáde nínú àpótí.

Mo ń retí kó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, àṣìṣe wà níbẹ̀." Ó ní, "Ọjọ́ Ajé dáa, mà."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Oṣù Kẹta

Ìyàwó wa ni. Mo bi í níbi tó ti ń gé aṣọ.

Ó ní obìnrin kan pe fóònù ọkọ òun ní ọ̀sán Àbámẹ́ta, ó ní Mẹ́tírọ́ọ̀nù lòun. Kò tiẹ̀ kí òun dáadáa. Ohun tó kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Ṣé wọ́n ti sùn?" Ìyàwó wa wo ọkọ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Wọ́n ti sùn, mà." Obìnrin náà ní, "Ṣé wọ́n sùn dáadáa?" Ó ní, "Dáadáa, mà. Wọn ò tiẹ̀ mira." Obìnrin náà ní, "Háà, mo dúpẹ́ o. O ṣeun gan-an," ó sì gbé fóònù kalẹ̀.

Ìyàwó wa ti ń bínú láti ọjọ́ yẹn. Ó ní kí ló kan obìnrin olóbìnrin pẹ̀lú oorun ọkọ òun, tó fi ń dúpẹ́ bẹ́ẹ̀? Ìdí nìyẹn tí kò fi bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ gidi láti Àbámẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n mi rò pé nítorí ariwo ẹ̀rọ ni.

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sórí aṣọ tó ń gé. Òun náà ń rẹ́rìn-ín láìmọ ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ó fara balẹ̀ nígbà tí mo ṣàlàyé. Ó ní, "Ṣé ẹ ti wá sọ fún wọn pé ọkọ mi ni mò ń wí?" Mo ní kò tíì sí ẹni tó sọ. Ó mú àlùmọ́gàjí rẹ̀, ó padà sídìí aṣọ.

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Kẹta

Ẹ̀gbọ́n mi gbé agbára Agbánilétí sókè, kí ìgbájú lè le. Ohùn rẹ̀ yí padà. Irin dúdú létí, omi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ó tún gbé e sókè. Nǹkan kan bẹ́ nínú ẹ̀rọ náà, òórùn rọ́bà gba gbogbo ilé. Ó tú u palẹ̀, ó tò ó padà. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n níbi tó wà tẹ́lẹ̀ náà ló dúró sí. Èyí tó máa le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó di kó ra ẹ̀yà ara ẹ̀rọ tuntun, ìyẹn á sì tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó dé.

Mo da omi ọjọ́ kẹta sórí àwo, tirẹ̀ àti tèmi.

Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kẹta

Funfun. Tirẹ̀ funfun ju tèmi lọ. Mo gbé e síwájú rẹ̀, mo lọ fọ ìgò.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Oṣù Kẹta

Ó pè mí sínú yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Ó bèèrè ẹni tó mọ̀. Mo ní èmi àti òun ni. Ìyàwó wa mọ ti fóònù, kò mọ ti àwo.

Ó ní, "Jẹ́ kó dúró síbẹ̀." Ó ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré ni, ẹ̀yà ara ẹ̀rọ náà á dé, òun á pààrọ̀ rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Ó ní kí n wo omi kànga yẹn bó ṣe wà látìbẹ̀rẹ̀, ṣé tiwa ò sàn jù ú lọ ni? Mo ní wọn kì í fi omi kànga yẹn po wàrà, omi ọlọ́kọ̀ ni wọ́n ń lò. Ó ní òun mọ̀.

Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣé o fẹ́ kí n padà lọ máa bẹ àwọn èèyàn yẹn níṣẹ́?" Kò pariwo. Ó tẹjú mọ́ irin tó dúdú yẹn, ó ń fi èékánná họ ọ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì ń bí mi, n kò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Mo ní, "Mo ti gbọ́." N kò ní mo gbà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Oṣù Kẹta

A gbé Agbánilétí lọ sí ilé ìgbẹ̀bí, kó lè dúró de Ọjọ́ Ajé. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ń wọn páìpù, Mẹ́tírọ́ọ̀nù mú mi lọ wo yàrá tí omi náà ń lọ. Ó móoru níbẹ̀ bíi ti àpótí mi. Ọmọ mẹ́rin wà nínú àpótí oní-gíláàsì, wọ́n kéré ju bí mo ṣe rò lọ. Ọ̀kan ń yán. Nọ́ọ̀sì kan ń fi ṣíbí kékeré kán wàrà sẹ́nu èkejì, díẹ̀díẹ̀, ó ń dúró dè é kó gbé e mì.

Mẹ́tírọ́ọ̀nù ní, "Ìwọ lo yẹ omi náà wò, àbí? Ṣé kò sí nǹkan?"

Mo ní kò sí nǹkan, mà.

Irọ́ ni mo pa. Ẹnu mi ló sọ ọ́ kí n tó dé ibẹ̀. Mo ń rìn bọ̀ wálé, mo ń gbọ́ ọ létí ara mi.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Oṣù Kẹta

Mo tẹ nọ́ńbà Mẹ́tírọ́ọ̀nù, mo pa á kó tó dún. Ẹ̀gbọ́n mi ò jẹun ní ọ̀sán, kò jẹun ní alẹ́. Lọ́la, kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ, màá sọ ọ́. Ì báà ṣe níwájú rẹ̀, ì báà ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 17 Oṣù Kẹta

Mo jí, mo ti to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu. "Wọn ò kú, mà." Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ sọ ọ́. Ìyàwó wa ní ọkọ òun ti jáde. Ó yẹ kí á jọ lọ ni. Mo sáré.

Mo rò pé ó fẹ́ so ẹ̀rọ mọ́ táńkì kí n tó dé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo yọ sí ilé ìgbẹ̀bí, ọkọ̀ omi ló wà nínú ọgbà, ó ti na rọ́bà sínú táńkì. Agbánilétí wà nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti tú páìpù kúrò lára rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dúró níwájú Mẹ́tírọ́ọ̀nù, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn.

Ara mi rọ̀. Ó ti sọ ọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló wá sọ ọ́. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ sunkún.

Mo sún mọ́ wọn. Ohun tó ń sọ nìyí: "Àbúrò mi ni kò fi omi náà sílẹ̀ kó pẹ́ tó, mà. Ọmọdé ni, ó ń kánjú. Àná ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò fúnra mi, mo wá rí i."

Mẹ́tírọ́ọ̀nù yíjú sí mi. Wọ́n ní, "Ṣé bó ṣe jẹ́ nìyẹn?"

Ẹ̀gbọ́n mi ń wo ilẹ̀. Omi ń dà sínú táńkì, mo ń gbọ́ ọ. Ohun tí mo wá ṣe ti di ṣíṣe, àwọn ọmọ yẹn ò ní mu omi wa. Tí mo bá sọ ìyókù, kò ní fi ohunkóhun kún un fún wọn. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni yóò bà jẹ́.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ má bínú."

Wọn ò bínú. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Wọ́n rọra sọ ọ́ fún mi pé àwọn bi mí léèrè ní Àbámẹ́ta, níwájú àwọn ọmọ yẹn, pé ó yẹ kí n ti sọ fún àwọn pé kò dá mi lójú. Lẹ́yìn náà wọ́n sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé tó bá tún ẹ̀rọ náà ṣe tán, kó padà wá, àwọn á gbà á. Ṣùgbọ́n kó jẹ́ ẹlòmíràn ni yóò máa yẹ omi wò.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ó dáa, mà."

Ó di etí ẹ̀rọ kan mú, mo di ìkejì mú. Ó wúwo. Láti ẹnu ọ̀nà títí dé ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mo fi kórìíra rẹ̀. Mo ń wò ó kó lè wo ojú mi, kò wò ó. A gbé ẹ̀rọ kalẹ̀. Ó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò ṣòkòtò, ó wá a nínú ti ẹ̀wù, ó tún padà sí ti ṣòkòtò.

Mo ní, "Ẹ ti jẹun?"

Ó ní rárá.